Ibi Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ń Sùn: Àgbéyẹ̀wò Ìgbé-ayé Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Kàwé Lókè Òkun

Bí ọmọ bá fẹ́ lọ kàwé lókè òkun, ìbéèrè àwọn ẹbí kì í pọ̀. Wọ́n á bèèrè yunifásítì tó gbà á, iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́, iye owó ilé-ìwé àti ìgbà tí físà yóò jáde. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan bèèrè ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ tó bá débẹ̀. Mo ti ka ìtàn àwọn tó lọ láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, mo sì ti tẹ́tí sí àwọn tó lọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ohun tí mo rí ni pé ìwé fúnra rẹ̀ kì í sábà dá akẹ́kọ̀ọ́ wa dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá, owó, òtútù, iṣẹ́ alẹ́ àti ọ̀nà ló ń dá wọn dùbúlẹ̀. Mo tún rí i pé láti ìgbà pípẹ́ títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń yọ ara wọn nínú wàhálà ju ìjọba èyíkéyìí lọ, ì báà jẹ́ ti ilé tàbí ti àjò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni n ó gbé ọ̀rọ̀ náà kà jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń kàwé tipẹ́tipẹ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ lọ kò pọ̀. Ìjọ C.M.S. ló mú Àjàyí Crowther lọ kàwé ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní 1843. Christopher Sapara Williams di lọ́yà ní Inner Temple ní 1879. Ní 1919, ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan tó ń jẹ́ Frances Abigail Thomas wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Wincham Hall, ní agbègbè Cheshire. Nígbà tó fi máa padà dé ní 1922, ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, Fúnmiláyọ̀ ló ní kí wọ́n máa pe òun. Àwọn tó kọ ìtàn ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì sọ pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó bá pàdé níbẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní èyí nínú kíláàsì.

Ṣùgbọ́n Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ ibùgbé di ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ òfin. Ẹni tó bá ń wá yàrá nílùú náà nígbà yẹn, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú, á kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ á fi máa ro ó. Onílé á ní yàrá ti tán, bẹ́ẹ̀ ìwé tó lẹ̀ mọ́ fèrèsé pé yàrá wà kò tíì kúrò níbẹ̀. Ní 1924, nígbà ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ìwé ìròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ará Nàìjíríà, Ṣólàńkẹ́ sì kọ̀wé láti ta kò ó. Lọ́dún yẹn kan náà ni òun àti Amy Ashwood Garvey dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti Herbert Bankole-Bright, dókítà ará Sierra Leone, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. J.B. Danquah, ọmọ Gold Coast, ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹjò níyà. Àwọn wọ̀nyí pinnu pé àwọn yóò rìn pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ WASU mọ́ òṣèlú, nítorí àwọn kan tó jáde níbẹ̀ di aṣáájú orílẹ̀-èdè wọn. Lójú tèmi, ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ máa dárúkọ. Ní 1929, Ṣólàńkẹ́ padà wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú títí di 1932, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọba, oníṣòwò àti mẹ̀kúnnù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ní ilé tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé náà ṣí ní Camden Road ní 1933. Ọpẹ́olú, ìyàwó Ṣólàńkẹ́, wà lára àwọn tó ń bójú tó o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wá rí ibi dé sí, ó rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, ó rí oúnjẹ ilẹ̀ rẹ̀ jẹ, ó sì rí ẹni tí yóò sọ fún un irú aṣọ tí òtútù oṣù Kìíní ń fẹ́.

Ìjọba òyìnbó náà kò fẹ́ kí ilé bẹ́ẹ̀ wà láìsí ọwọ́ tiwọn nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Áfíríkà. Ní 1934, Ọ́fíìsì Ìjọba Amúnisìn ṣí ilé mìíràn tí wọ́n pè ní Aggrey House. WASU ní àwọn kò lọ síbẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ilé náà wà láti máa ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn kan ti bá Ṣólàńkẹ́ wí lórí èyí, pé kí ló dé tí ènìyàn yóò fi kọ ilé tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Èmi gbà pé ó jàre. Ẹni tó fún ọ ní ibùsùn ló ń mọ ẹni tó wá kí ọ, ìgbà tó wá, àti ìwé tó bá ọ mú wá. Ní 1938, WASU kó lọ sí ilé mìíràn nítòsí Camden Square, iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ.

Lásìkò kan náà, Kòfowórọlá Moore, tí a wá mọ̀ sí Ìyá Ààfin Adémọ́lá, ń kàwé ní St Hugh's College ní Oxford. Ní 1935, ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní yunifásítì náà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní tirẹ̀ kò lọ lọ́mọdé. Ó ti ní ìyàwó, ó ti bímọ, ó ti ṣòwò, ó ti jẹ gbèsè kó tó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Láàárín ọdún méjì tó lò níbẹ̀, ó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945, ó kọ ìwé Path to Nigerian Freedom tó jáde ní 1947, ó sì di lọ́yà ní 1946. Kí ẹnikẹ́ni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ń bẹ̀rù pé ọjọ́ orí ti kọjá òun, máa rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun ni èrò wá pọ̀. Ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ló ń kó wọn láti Àpápá lọ sí Liverpool, ìrìn-àjò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951 bí ẹni pé àná ni. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ṣe wọ́n láǹfààní tí bàálù wákàtí mẹ́fà kò lè ṣe fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí: wọ́n ti mọ ara wọn kí wọ́n tó gúnlẹ̀, òtútù náà sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọlé Ṣóyínká dé yunifásítì Leeds ní 1954. Ewì rẹ̀ kan, "Telephone Conversation", dá lórí aláwọ̀ dúdú tó ń fi tẹlifóònù wá yàrá lọ́dọ̀ obìnrin onílé kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ka ewì náà ní ilé-ìwé girama, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, láìmọ̀ pé ìṣòro ojoojúmọ́ ni fún ẹni tó ń wá ibi sùn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1965 lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò kan ọ̀rọ̀ ilé yíyá. Ó di 1968 kí òfin tó ní onílé kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara lé ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí a bí sójú àjò ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí a kì í fẹ́ sọ ọ́. Láti bí àárín ọdún 1950 síwájú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà àti Ghana tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tọkọtaya. Ọkọ á máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, á máa kàwé lálẹ́. Ìyàwó á máa kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí kó máa ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Yàrá kan ni wọ́n ní, onílé sì ti sọ pé òun kò fẹ́ ọmọ. Wọ́n wá ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n ń wá ìdílé òyìnbó tí yóò gba ọmọ tọ́, tí wọ́n á sì máa san owó fún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ báyìí, sí Kent, sí Sussex, sí Essex àti ibòmíràn. Àwọn kan rí ìyá rere. Àwọn kan kò rí i.

Adéwálé Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tó gbajúmọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ọmọ-ọwọ́ sì ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé òyìnbó ní Tilbury. Ó dàgbà láàárín ìkórìíra débi pé ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń lu aláwọ̀ dúdú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn náà ṣe fíìmù Farming, tó jáde ní 2018. Èmi kò dá àwọn òbí wọ̀nyẹn lẹ́bi tán. Nílé wa, ọmọ lè gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí àǹtí fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó rí i sí. Wọ́n rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mọ orúkọ baba ọmọ, ó mọ oríkì rẹ̀, ó sì ń gbé láàárín ẹbí tí yóò bi í léèrè. Àlejò ní Tilbury kò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tó ń dùn mí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó gba oyè òfin tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ padà dé, wọ́n ṣe àríyá fún un, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó jẹ́ ara ohun tí oyè náà ná wọn kò lè bá ìyá wọn sọ Yorùbá mọ́.

Ká wá sí ìgbà tiwa. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣí ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá parí fi lè dúró ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùkọ́ yunifásítì wa, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Ta ni yóò bá ọ̀dọ́ tó jápa wí? Èrò ya, tọkọtaya àti ọmọ. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi di ẹni tó ń mú ẹbí wá jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì níbẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìyàwó, ọkọ àti ọmọ àwọn tó ń kọ́ oyè másítà lásán. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ṣì lè mú wọn wá. Báyìí ni a tún padà sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọmọ sílẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ni ọmọ wà, tí ìyá rẹ̀ ń rí i lójú fóònù.

Owó tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé òun ní, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé, di £1,483 lóṣù fún Lọ́ńdọ̀nù àti £1,136 fún ìlú mìíràn ní oṣù Kìíní ọdún 2025, fún oṣù mẹ́sàn-án. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà ṣáájú jẹ́ £776 lọ́dún. Nọ́ńbà wọ̀nyí dà bí ohun tí ènìyàn lè ṣètò sí, bí náírà bá dúró síbì kan. Kò dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn náírà. Dọ́là tí ìjọba ń pè ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí. Owó ilé-ìwé tí kò yí padà ní pọ́ùn di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà láàárín ẹ̀kọ́. Ní 2024, yunifásítì kan ní ìlà-oòrùn àríwá England yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò lè san owó lásìkò kúrò nínú ìwé, wọ́n sì ní kí wọ́n kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n jáde wá ṣe ìwọ́de nínú ọgbà. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀wé.

Yàrá ni kókó síbẹ̀. Lónìí, onílé kò lè sọ lójú ènìyàn pé òun kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ohun tó ń béèrè ni onídùúró tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń gba owó tó jọjú. Ọmọ tó ti Òṣogbo dé lánàá, níbo ni yóò ti rí i? Títí di 2025, àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí ẹni tí kò bá ní onídùúró san owó oṣù mẹ́fà ṣáájú. Àwọn mìíràn ti san owó yàrá tí wọ́n rí lórí fóònù kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá ẹlòmíràn nínú ilé, ẹni tó gba owó kò sì gbé fóònù mọ́. Mo ti gbọ́ irú èyí lẹ́nu ẹni tó ju ọ̀kan lọ. Nítorí náà, ènìyàn mẹ́rin ń pín yàrá tí wọ́n ṣe fún ẹnìkan, ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ń sùn lórí ibùsùn tí ẹni tó ń lọ kíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ alẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Wákàtí ogún lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ lè pàdánù físà. Ọ̀pọ̀ ló ń tọ́jú arúgbó ní ilé ìtọ́jú tàbí ní ilé wọn: wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń gbé wọn, wọ́n ń fún wọn lóògùn. Iṣẹ́ ọlọ́lá ni, èmi kò sì fara mọ́ bí àwọn kan nílé ṣe ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Aburú ibẹ̀ ni pé owó wákàtí ogún kò tó san owó ilé-ìwé láé. Ẹni tó bá ń sọ fún ọ pé ìwọ ṣáà dé ibẹ̀, wàá ṣiṣẹ́ san ìyókù, irọ́ ló ń pa fún ọ.

Ibi tí wọ́n ti ń rí ìrànlọ́wọ́ kò tíì yí padà púpọ̀ láti ayé Ṣólàńkẹ́. Ilé ìjọsìn ni àkọ́kọ́. Àwọn ìjọ tó ti ilé wa jáde, bíi Rídíìmù, ti tàn ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ìlú kékeré pàápàá ní tirẹ̀, àwọn mọ́sálásí náà sì wà. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹnìkan á fún ọ ní kóòtù tí kò lò mọ́, ẹnìkan á fún ọ ní ìkòkò, ẹlòmíràn á júwe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti ata rodo. Èkejì ni WhatsApp, níbi tí ọmọ tí kò tíì kúrò ní Èkó ti lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti wà ní Sheffield.

Lórí ìrìn-àjò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń lo ọdún kan láàárín ibùsùn, kíláàsì àti ibi iṣẹ́, tí wọ́n á sì padà láìrí ju ìlú kan lọ. Mo kà á sí àdánù. Káàdì ọkọ̀ ojú irin ti àwọn ọ̀dọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún náà lè gbà bó ti wù kó dàgbà tó, ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ kúrò. Bọ́ọ̀sì alẹ́ sì tún rọjú sí i. Ẹni tó wà ní Leeds lè lọ wo Liverpool, èbúté tí àwọn bàbá wa gúnlẹ̀ sí. Pàrís ni kò rọrùn: físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbé ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dé Faransé; ó ní láti gba físà Schengen lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó jẹ́ ará Brazil ń wọlé láìgba físà kankan.

Ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló wà ní Ukraine, ọ̀pọ̀ ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn nítorí owó rẹ̀ kéré, nígbà tí Rọ́ṣíà kọlu orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022. Wọ́n ń ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sẹ́yìn ní ẹnu ọkọ̀ ojú irin àti ní ẹnubodè Poland. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sọ ọ́ ní gbangba pé ìwà náà kò tọ́. Kí bàálù ìjọba wa tó dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọ̀nà han ara wọn lórí Telegram, obìnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta sì ti dá Black Women for Black Lives sílẹ̀ láti máa fi owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kúrò ní Khartoum dúró láàárín aṣálẹ̀, nítorí àwọn awakọ̀ ní wọn kò tíì san owó wọn. Ẹ̀rí wo ni a tún ń wá pé orílẹ̀-èdè yìí kò ní ètò fún àwọn ọmọ tó wà lájò?

Ní Àríwá Cyprus, Tọ́kì nìkan ló ka ibẹ̀ sí orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà kò sì ní aṣojú níbẹ̀. Abíkẹ́ Dábírí-Erewa ti NIDCOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, ti kìlọ̀ fún àwọn òbí léraléra lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan kú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn alágbàtà tó ń bá ènìyàn wá ilé-ìwé ṣì ń polówó rẹ̀ bí ilẹ̀ Yúróòpù. Nítòsí wa ní Kútọnu, akọ̀ròyìn kan gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì tú àṣírí náà ní òpin ọdún 2023. Ìjọba Nàìjíríà wá dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àwọn tó jìyà rẹ̀ jù ni àwọn tó fi ọdún mẹ́rin kàwé lóòótọ́, tí wọ́n kọ́ Faransé, tí wọ́n ń ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ, tí wọ́n ń ti Sẹ̀mẹ̀ bọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní Manchester, Leeds, Birmingham, Houston, Toronto àti ibi gbogbo, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Owó tí ẹ fi ń ṣe aṣọ ẹbí àti àríyá ọdọọdún tó láti ya ilé kékeré kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì títí yóò fi fojú ara rẹ̀ rí yàrá kó tó sanwó. Ẹ dúró bí onídùúró fún àwọn tí ẹ bá mọ ìdílé wọn. Ẹ kọ iye tí yàrá, iná, oúnjẹ àti ọkọ̀ jẹ́ lóṣù ní ìlú yín sílẹ̀ ní èdè wa, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sílé, kí òbí tó fẹ́ ta ilẹ̀ rán ọmọ lè rí i kó tó tà á. Ṣólàńkẹ́ ṣe é ní 1933 pẹ̀lú owó tó tọrọ láti ìlú dé ìlú, ẹ̀yin sì lówó lọ́wọ́ jù ú lọ.